Ṣé digirì ọlọ́dún mẹ́ta ló ń kó àwọn ọmọ kúrò nídìí ìkọ́ṣẹ́?

ỌmọÌwádìí

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà nídìí iṣẹ́ ọwọ́ àti ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà ní yunifásítì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi dá sí ọ̀rọ̀ kan tí mò ń kọ iṣẹ́ àṣejáde mi lé lórí.

Ní ọjọ́ 19 oṣù Kẹfà ọdún 1999, àwọn mínísítà ètò ẹ̀kọ́ láti orílẹ̀-èdè 29 ní Yúróòpù pàdé ní ìlú Bologna, ní Ítálì, wọ́n fọwọ́ sí i pé kí digirì orílẹ̀-èdè kan lè máa bá ti èkejì mu. Jámánì wà lára wọn. Títí di ìgbà yẹn, Diplom ni ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ Jámánì ń gbà, ọdún márùn-ún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ni wọ́n sì fi ń kà á. Wọ́n wá pín in sí méjì: Bachelor, tó sábà máa ń jẹ́ ọdún mẹ́ta, àti Master, tó máa ń tó ọdún méjì lẹ́yìn rẹ̀.

Ẹ wo ohun tó tẹ̀ lé e. Ní 2007, ìwé àdéhùn ìkọ́ṣẹ́ tuntun tí wọ́n kọ ní Jámánì tó 626,000, nígbà tí àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ yunifásítì àtàwọn ilé ẹ̀kọ́ gíga yòókù jẹ́ nǹkan bí 361,000. Ní 2011, àwọn tó wọ ilé ẹ̀kọ́ gíga ti tó 519,000. Nígbà tó fi máa di 2013, iye àwọn méjèèjì ti bára dọ́gba. Ní 2019, ìwé àdéhùn ìkọ́ṣẹ́ ti já wálẹ̀ sí 525,000, àrùn Kòrónà sì tún fà á wálẹ̀ sí nǹkan bí 467,000 ní 2020.

Olùkọ́ tó ń darí iṣẹ́ mi gbà pé ọ̀rọ̀ náà ò le rárá. Ó ní ọmọ tó bá rí i pé ọdún mẹ́ta lòun máa fi gba digirì kò ní lọ lo ọdún mẹ́ta àbọ̀ lábẹ́ ọ̀gá. Ọkàn tèmi ò tíì gbà á. Kí lẹ̀yin ń rí níbi tẹ́ ẹ wà?

Amúnáwá

Àbúrò, o kú làálàá. Iṣẹ́ iná mọ̀nàmọ́ná ni mò ń ṣe ní Jámánì níbí. Mo ti gba ìwé ẹ̀rí Meister, ìyẹn ti ọ̀gá iṣẹ́, èmi náà sì ń kọ́ àwọn ọmọ níṣẹ́.

Lóòótọ́ ni pé ọdún mẹ́ta àbọ̀ ni ìkọ́ṣẹ́ oníná, ó sì gùn ju Bachelor lọ. Ṣùgbọ́n bi olùkọ́ rẹ pé: àwọn ọmọ wo? Ọ̀pọ̀ jù lọ àwọn tó ń wá sọ́dọ̀ wa, ilé ẹ̀kọ́ tó ń parí ní kíláàsì kẹsàn-án tàbí ìkẹwàá ni wọ́n ti ń bọ̀. Wọn ò ní Abitur, ìyẹn ìwé ẹ̀rí tí wọ́n fi ń wọ yunifásítì. Bí ìjọba bá sọ Bachelor di ọdún kan ṣoṣo lọ́la, kò kan irú ọmọ bẹ́ẹ̀. Bí ọ̀gá oníná tàbí oníbùrẹ́dì bá ń wá ọmọ ìkọ́ṣẹ́ tí kò rí, kì í ṣe Bologna ló kọ́kọ́ yẹ kó di ẹ̀bi rẹ̀ rù.

Ibi tí mo gbà pé digirì tuntun ti fọwọ́ ba ìkọ́ṣẹ́ ni iṣẹ́ báńkì, iṣẹ́ adójútòfò, iṣẹ́ ọ́fíìsì àwọn iléeṣẹ́ ńlá, àti kọ̀ǹpútà. Níbẹ̀ ni àwọn tó ní Abitur pọ̀ sí. Àwọn ọmọ yìí ní ọ̀nà méjì níwájú wọn láti ìbẹ̀rẹ̀, nítorí náà bí ọ̀nà kan bá kúrú sí i, wọ́n á rò ó wò.

Má sì rò pé àwọn ọmọ nìkan ló yí padà o. Àwọn iléeṣẹ́ fúnra wọn ló gbé àyè náà lọ síbòmíì. Láti 1974 ni àwọn iléeṣẹ́ ńlá ní ìpínlẹ̀ Baden-Württemberg ti ní ilé ẹ̀kọ́ alápá méjì, tí ọmọ ń lo oṣù mẹ́ta ní kíláàsì, oṣù mẹ́ta lẹ́nu iṣẹ́, tí owó oṣù sì ń wọlé fún un jálẹ̀. Ní 2009 wọ́n gbé ilé ẹ̀kọ́ náà ga, ó di Duale Hochschule, Bachelor sì ni ọmọ ń gbà jáde. Iléeṣẹ́ tó ti máa ń gba ọmọ Abitur mẹ́wàá fún ìkọ́ṣẹ́ ọ́fíìsì lè wá sọ pé òun ó gba mẹ́rin fún ìkọ́ṣẹ́, òun ó sì fi àyè mẹ́fà yòókù sí ẹ̀kọ́ alápá méjì. Ọmọ kan náà, ọ̀gá kan náà, tábìlì kan náà. Nínú ìwé ìṣirò nìkan ló ti kúrò nínú ìkọ́ṣẹ́ bọ́ sí yunifásítì.

Ti báńkì tún ní ìdí tirẹ̀. Wọ́n ń ti ọ̀pọ̀ ẹ̀ka pa, àwọn èèyàn ń fi fóònù sanwó. Kò sí ọ̀nà tí àyè ìkọ́ṣẹ́ ibẹ̀ ò ní dínkù, yálà Bologna wáyé tàbí kò wáyé.

Olùkọ́Fẹ̀yìntì

Amúnáwá, o ṣeun. ỌmọÌwádìí, jẹ́ kí n fi ti àwọn ọdún yẹn kún un, torí pé ohun tó ṣẹlẹ̀ láàárín 2007 sí 2014 ní Jámánì pọ̀ ju ọ̀rọ̀ digirì lọ.

Àwọn ìpínlẹ̀ gé ọdún kan kúrò nínú ilé ẹ̀kọ́ gírámà. Ó túmọ̀ sí pé kíláàsì méjì jáde lẹ́ẹ̀kan náà: Bavaria àti Lower Saxony ní 2011, Baden-Württemberg àti Berlin ní 2012, North Rhine-Westphalia, tí èrò ibẹ̀ pọ̀ jù, ní 2013. Ní ọjọ́ kìíní oṣù Keje 2011, ìjọba tún dá iṣẹ́ ológun dandan dúró, àwọn ọmọkùnrin tí ì bá lọ sí bárékè sì kọjú sí ilé ẹ̀kọ́. Owó ilé ẹ̀kọ́ náà ńkọ́? Lẹ́yìn tí ilé ẹjọ́ tó ń rí sí òfin ìpìlẹ̀ ti ṣílẹ̀kùn rẹ̀ ní 2005, ìpínlẹ̀ méje bẹ̀rẹ̀ sí í gba nǹkan bí 500 yúrò ní sáà kọ̀ọ̀kan. Wọ́n pa á rẹ́ lọ́kọ̀ọ̀kan, Lower Saxony ló sì ṣe é kẹ́yìn ní 2014.

Ó ku ti ìbí. Lẹ́yìn ìṣọ̀kan 1990, àwọn ọmọ tí wọ́n ń bí ní ìlà oòrùn Jámánì dínkù ju ìdajì lọ láàárín ọdún mélòó kan. Ka ọdún mẹ́rìndínlógún síwájú, wàá rí ibi tó já sí: ọdún 2007 lọ síwájú gan-an ni àwọn ọmọ wọ̀nyẹn yẹ kó máa wọ ìkọ́ṣẹ́, àmọ́ wọn ò sí. A ò lè fi ẹ̀sùn ọmọ tí wọn ò bí kan yunifásítì.

ÌyáÌbejì

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má bínú pé mo já lu ọ̀rọ̀ yín. Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ mi ṣẹ̀ṣẹ̀ gba Abitur rẹ̀ ni, ó sì ní iṣẹ́ mekatíróníìkì, ìyẹn iṣẹ́ ẹ̀rọ pọ̀ mọ́ iná mọ̀nàmọ́ná, lòun fẹ́ kọ́, òun ò lọ yunifásítì báyìí. Gbogbo mọ̀lẹ́bí ló ń pè mí pé mo fẹ́ jẹ́ kí ọmọ fi ìwé ẹ̀rí rẹ̀ ṣòfò. Ṣé bó bá wọ ìkọ́ṣẹ́, ọ̀nà yunifásítì ti dí mọ́ ọn nìyẹn?

Amúnáwá

Kò dí rárá, ìyá wa. Abitur rẹ̀ kì í pa rẹ́. Ó lè parí ìkọ́ṣẹ́ lónìí kó wọ yunifásítì lọ́dún tó ń bọ̀. Yàtọ̀ síyẹn, torí pé ó ní Abitur, òun àti iléeṣẹ́ lè jọ béèrè pé kí wọ́n gé ìkọ́ṣẹ́ ọdún mẹ́ta àbọ̀ yẹn kúrú, ó sì lè dín tó oṣù méjìlá.

Ẹni tí kò tiẹ̀ ní Abitur pàápàá, láti 2009 ni àwọn mínísítà ètò ẹ̀kọ́ ìpínlẹ̀ gbogbo ti fẹnu kò pé ẹni tó bá ti gba Meister lè wọ yunifásítì. Bí mo bá fẹ́, mo lè lọ lọ́la. Nínú àtẹ tí ìjọba fi ń wọn ìwé ẹ̀rí, ìpele kẹfà ni wọ́n fi Meister àti Bachelor sí, ìkan ò ga ju ìkan lọ.

Aráa-Zurich

Ọ̀rọ̀ ìyá yìí gan-an ló ṣí mi lẹ́nu. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń gbé ní Swítsàlandì, mo sì fẹ́ kí ỌmọÌwádìí wo ìhà ọ̀dọ̀ wa kó tó parí iṣẹ́ rẹ̀.

Swítsàlandì náà wà ní Bologna lọ́jọ́ yẹn ní 1999, wọ́n fọwọ́ sí i, wọ́n sì pín digirì wọn sí Bachelor àti Master bíi tàwọn yòókù. Bí digirì ọlọ́dún mẹ́ta bá ń pa ìkọ́ṣẹ́, ibí ló yẹ kó ti kọ́kọ́ kú. Síbẹ̀, nínú ọmọ mẹ́ta tó bá parí ẹ̀kọ́ ọ̀ranyàn, bíi méjì ló ṣì ń lọ kọ́ṣẹ́ títí dòní.

Kí ló fà á? Ṣáájú Bologna ni wọ́n ti la ọ̀nà sílẹ̀. Ní 1994 wọ́n dá ìwé ẹ̀rí kan sílẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Berufsmaturität. Ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́ lè kà á pọ̀ mọ́ ìkọ́ṣẹ́ rẹ̀, tàbí kó kà á lẹ́yìn tó bá gba òmìnira. Ní 1995 wọ́n ṣòfin tó dá àwọn ilé ẹ̀kọ́ gíga onímọ̀ iṣẹ́ sílẹ̀, ìyẹn Fachhochschule, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1997. Ẹni tó bá ní Berufsmaturität nínú iṣẹ́ tó bá ẹ̀kọ́ náà mu máa ń wọlé láìṣe ìdánwò àbáwọlé. Nígbà tí Bachelor wá dé, àwọn ilé ẹ̀kọ́ yìí gan-an ló ń fún ọmọ tó ti ìdí ìkọ́ṣẹ́ wá ní Bachelor. Láti 2005, ìdánwò àfikún kan tún wà tó ń mú un kọjá sí yunifásítì gidi.

Ẹ tún gbọ́ èyí: ẹni tó ti gírámà wá, tí kò kọ́ṣẹ́ rí, òun ni wọ́n máa ń ní kó lọ fi ọdún kan ṣiṣẹ́ ná kó tó lè wọ Fachhochschule. Ẹni tí kò tíì fọwọ́ kan iṣẹ́ ló ní gbèsè láti san. Láti 2006 ni òfin ìpìlẹ̀ wọn sì ti sọ ọ́ ní àlàyé kedere, ní abala 61a, pé kí ìjọba rí sí i pé ọ̀nà ìwé àti ọ̀nà iṣẹ́ gba iyì kan náà láwùjọ.

Nítorí náà èmi ò rò pé gígùn digirì ni ìṣòro. Ohun tí òbí ń wò ni bóyá ọmọ òun á há síbì kan bó bá mú ọ̀nà iṣẹ́. Níbi tí kò bá ti ní há, òbí á gbà. Ọ̀nà kan ò wọ ọjà, àmọ́ ìjọba ló gbọ́dọ̀ la èyí tó kù.

ỌmọÌwádìí

Ẹ ṣeun gan-an, Aráa-Zurich. Àmọ́ mo ní àtakò kan. Mo kà á pé bí ọmọ márùn-ún bá wà ní Swítsàlandì, bí ọ̀kan ló ń gba ìwé ẹ̀rí gírámà. Ṣé kì í ṣe pé wọ́n kàn sé ilẹ̀kùn gírámà mọ́ àwọn yòókù, tí ìkọ́ṣẹ́ fi kún? Bó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, kì í ṣe ìfẹ́ ló gbé wọn débẹ̀.

Aráa-Zurich

Àtakò tó lẹ́sẹ̀ ńlẹ̀ ni. Ó jóòótọ́ dé àyè kan. Ní Zurich níbí, ìdánwò ni ọmọ fi ń wọ gírámà, ìdánwò náà sì le. Mo ti rí òbí tó ń sunkún nítorí rẹ̀.

Ṣùgbọ́n ohun tó yẹ kó o lò nìyẹn, má sá fún un. Kántòn kọ̀ọ̀kan, ìyẹn ìpínlẹ̀ ibí, ló ń pinnu bí ilẹ̀kùn gírámà rẹ̀ ṣe máa fẹ̀ tó. Ní Geneva àti ní Ticino, níbi tí wọ́n ti ń sọ Faransé àti Ítálì, àwọn tó ń gba ìwé ẹ̀rí gírámà pọ̀ gan-an ju ti àwọn kántòn kéékèèké tó ń sọ èdè Jámánì lọ, ìkọ́ṣẹ́ sì kéré níbẹ̀. Òfin àpapọ̀ kan náà ni wọ́n jọ ń lò, Bachelor kan náà, ọdún kan náà ni àtúntò dé bá gbogbo wọn. Bí ó bá jẹ́ pé àtúntò digirì ló ń darí àwọn ọmọ, kò yẹ kí ìyàtọ̀ náà pọ̀ tó báyìí. Ohun tó ti wà nílẹ̀ kí àtúntò tó dé ló ń sọ ibi tí omi máa ṣàn gbà.

OníṣiròOwó

Ẹ jẹ́ kí n mú ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì wá, torí pé owó ni wọ́n fi ṣe àtúntò tiwọn, ohun tí ó sì jáde ya ọ̀pọ̀ èèyàn lẹ́nu.

Ní 1998 ni wọ́n ṣòfin pé kí akẹ́kọ̀ọ́ máa san owó, £1,000 lọ́dún. Ó di £3,000 ní 2006. Ní 2012 ó fò lọ sí £9,000. Ọ̀pọ̀ ló rò pé àwọn ọ̀dọ́ máa sá kúrò ní yunifásítì, kí wọ́n sì ya bo ìkọ́ṣẹ́. Wọn ò ya bò ó. Àwọn ọmọ ọdún méjìdínlógún ń bá yunifásítì lọ ní tiwọn, pàápàá nígbà tí ìjọba tún yọ òté kúrò lórí iye akẹ́kọ̀ọ́ tí yunifásítì lè gbà ní 2015. Ìdí rẹ̀ ni pé ọmọ kì í fọwọ́ ara rẹ̀ yọ £9,000 kalẹ̀. Ẹ̀yáwó ni, kò sì ní bẹ̀rẹ̀ sí í san án padà àfi bí owó iṣẹ́ rẹ̀ bá ju £21,000 lọ lọ́dún, bí wọ́n ṣe là á sílẹ̀ nígbà yẹn. Àwọn tí owó náà lé sẹ́yìn ni àgbàlagbà tó ń ṣiṣẹ́ tó tún ń kàwé díẹ̀díẹ̀. Àwọn wọ̀nyẹn dínkù bọ́ sílẹ̀ burúkú.

Èyí tó dun èmi jù ni ti 2017. Láti 2015 ni wọ́n ti dá ìkọ́ṣẹ́ tó ń parí sí digirì sílẹ̀, ohun tó dára ni lójú mi. Ní oṣù Kẹrin 2017 wọ́n wá ní kí iléeṣẹ́ tí owó òṣìṣẹ́ rẹ̀ bá ju mílíọ̀nù £3 lọ lọ́dún máa dá ìdá 0.5 nínú ọgọ́rùn-ún sílẹ̀ fún ìkọ́ṣẹ́. Ọdún tó tẹ̀ lé e, àwọn tó bẹ̀rẹ̀ ìkọ́ṣẹ́ já láti nǹkan bí 495,000 sí 376,000. Ìpele kejì, tó jẹ́ ibi tí ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò nílé ẹ̀kọ́ ti ń bẹ̀rẹ̀, ló fara gbá a jù: ó kúrò ní nǹkan bí 261,000, ó di 161,000. Ìpele òkè, tó jẹ́ ti digirì, ló ń pọ̀ sí i ní tirẹ̀.

Kò ṣòro láti rí ìdí. Owó ti kúrò lápò iléeṣẹ́ ná, wọ́n sì ń wá ọ̀nà tí wọ́n á gbà jẹ àǹfààní rẹ̀ padà. Ọ̀pọ̀ fi rán àwọn máníjà tí wọ́n ti gbà síṣẹ́ tipẹ́ lọ gba ìwé ẹ̀rí tó dọ́gba pẹ̀lú Master. Ìkọ́ṣẹ́ lórúkọ rẹ̀ nínú ìwé ìjọba, ọmọ tó fẹ́ kọ́ iṣẹ́ paíǹpù sì wà nílé. Ìjọba ti wá rí i. Láti oṣù Kìíní 2026, ìpele keje tí í ṣe ìpele Master, àwọn tí kò tíì ju ọdún mọ́kànlélógún lọ ni wọ́n ń fi owó náà kọ́, yàtọ̀ sí àwọn díẹ̀ tí wọ́n yọ sílẹ̀.

Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni ti Ọsirélíà ní 2012. Wọ́n ní kí yunifásítì gba iye akẹ́kọ̀ọ́ tó bá wù wọ́n, ìgbà kan náà ni wọ́n sì gé owó ìrànwọ́ tí wọ́n ń fún ọ̀pọ̀ ọ̀gá tó ń gba ọmọ ìkọ́ṣẹ́. Iye ọmọ ìkọ́ṣẹ́ já. Ẹni tó bá wo yunifásítì nìkan á ní òun ló fà á. Ẹni tó mọ̀ nípa owó ìrànwọ́ á kọ́kọ́ béèrè pé iṣẹ́ wo ni àwọn tó dínkù wà, kó tó dáhùn.

Agbẹ̀bí

Mo ti ń ka ọ̀rọ̀ yín bọ̀, ọkàn mi sì ń gbóná, torí iṣẹ́ tèmi ni wọ́n gbé kúrò nídìí ìkọ́ṣẹ́ pátápátá.

Ní Jámánì tẹ́lẹ̀, ọdún mẹ́ta ni a fi ń kọ́ iṣẹ́ ìgbẹ̀bí ní ilé ẹ̀kọ́ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọsibítù, tí a sì ń gba owó oṣù. Láti ìbẹ̀rẹ̀ 2020, òfin tuntun ní digirì ni. Ìparí 2022 ni ilé ẹ̀kọ́ àtijọ́ gba ọmọ tuntun mọ. Òfin Ìṣọ̀kan Yúróòpù ti 2013 ló ti í débẹ̀, torí ó béèrè pé kí ẹni tó máa kọ́ iṣẹ́ agbẹ̀bí ti lo ọdún méjìlá nílé ẹ̀kọ́.

Mi ò ta ko digirì o. Ẹ̀kọ́ alápá méjì ni wọ́n ṣe é, owó oṣù ṣì ń wọlé jálẹ̀, àwọn ọmọ sì ń mọ bí wọ́n ṣe ń ka ìwádìí tuntun nípa ìrọbí dáadáa jù wá lọ. Inú mi dùn sí ìyẹn gidi. Ọmọbìnrin tó jáde ní kíláàsì kẹwàá ló ń dùn mí. Tẹ́lẹ̀, ó lè wá sọ́dọ̀ wa tààrà. Ní báyìí, ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fi ọdún mẹ́ta kọ́ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì, tàbí kó lọ wá ọdún ilé ẹ̀kọ́ tó ṣẹ́kù, kó tó lè bẹ̀rẹ̀. Àwọn mìíràn nínú wọn ni ọwọ́ wọn tutù jù, tí aboyún á fọkàn balẹ̀ bí wọ́n bá wọlé. Ta ló ń ka irú wọn tó yà sọ́nà?

ỌmọÌwádìí, gba èyí lọ́wọ́ mi fún ìṣirò rẹ: àwa agbẹ̀bí ò sí nínú 626,000 tó o kọ sókè yẹn rí. Ìwé àdéhùn tó wà lábẹ́ òfin ìkọ́ṣẹ́ àti òfin iṣẹ́ ọwọ́ nìkan ló wà níbẹ̀. Nọ́ọ̀sì àti agbẹ̀bí ní òfin tiwọn. Nígbà tí wọ́n gbé wa lọ sí ilé ẹ̀kọ́ gíga, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ digirì pọ̀ sí i, ìkọ́ṣẹ́ tó wà nínú ìwé rẹ ò sì dín nítorí tiwa. Nínú ẹ̀kọ́ alápá méjì pàápàá, ọmọ tó ní ìwé àdéhùn ìkọ́ṣẹ́ tó tún ń ka Bachelor wà nínú ìwé méjèèjì. Ṣọ́ra.

ỌmọÌwádìí

Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ kú oríire iṣẹ́ ńlá tẹ́ ẹ̀ ń ṣe. Ibi tẹ́ ẹ fọwọ́ bà yìí, kò sí ìwé kankan lórí tábìlì mi tó là á yé mi báyìí.

Olùkọ́Fẹ̀yìntì

Ohun tí Agbẹ̀bí sọ nípa ọmọ kíláàsì kẹwàá ló yẹ ká dúró lé lórí.

Ọ̀pọ̀ èèyàn ń sọ̀rọ̀ bíi pé yunifásítì ń fa gbogbo ọmọ Abitur lọ, tí ìdí ìkọ́ṣẹ́ sì ṣófo. Iye tó wà nílẹ̀ ò sọ bẹ́ẹ̀. Ní 2009, nínú ọmọ márùn-ún tó ń bẹ̀rẹ̀ ìkọ́ṣẹ́ ní Jámánì, bí ọ̀kan ló ní ìwé àbáwọlé ilé ẹ̀kọ́ gíga. Kò tó ọdún mẹ́wàá tó fi di bíi mẹ́ta nínú mẹ́wàá. Àwọn tó ń gba Abitur ló pọ̀ sí i, wọ́n sì ń kún ọ̀nà méjèèjì. Ọmọ tó jáde ní kíláàsì kẹsàn-án ló wá bá ara rẹ̀ níwájú ọ̀gá kan náà pẹ̀lú ẹni tó fi ọdún mẹ́ta tàbí mẹ́rin kàwé jù ú lọ. Ta lọ̀gá máa mú?

Lọ́dún kan náà ni ẹ ó gbọ́ pé àyè ìkọ́ṣẹ́ ò rẹ́ni gbà á, tí ẹ ó sì tún gbọ́ pé ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọmọ ò rí àyè. Nínú àwọn tó wà láàárín ogún ọdún sí mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n ní Jámánì, àwọn tí kò ní ìwé ẹ̀rí iṣẹ́ kankan ju mílíọ̀nù méjì lọ. Mo ti kọ́ irú àwọn ọmọ wọ̀nyí. Wọn kì í ṣe ọ̀lẹ. Ẹni tó bá ń ṣe àtúntò digirì tí kò béèrè ohun tó máa ṣẹlẹ̀ sí wọn kò tíì ṣe iṣẹ́ rẹ̀ tán.

Amúnáwá

Mo fara mọ́ ọ̀rọ̀ yín, bàbá, àmọ́ ẹ jẹ́ kí n gbèjà àwa ọ̀gá díẹ̀. Kì í ṣe gbogbo wa ló ń lé ọmọ kíláàsì kẹsàn-án. Èmi gan-an ń wá wọn. Ohun tó ń lé wọn lọ nídìí iṣẹ́ wa ni owó. Ó pẹ́ kí ìjọba tó rí i. Ní 2020, nígbà tí wọ́n tún òfin ìkọ́ṣẹ́ ṣe, ariwo tó pọ̀ jù ni ti orúkọ tuntun, pé kí Meister máa jẹ́ Bachelor Professional, àwọn ọ̀gá yunifásítì sì ta kò ó gan-an. Nínú òfin kan náà ni ohun tó kan ọmọ gbangba wà: owó oṣù tó kéré jù tí wọ́n lè san fún ọmọ ìkọ́ṣẹ́. 515 yúrò lóṣù ní ọdún àkọ́kọ́ ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀; ó ti di 682 fún àwọn tó bẹ̀rẹ̀ ní 2025. Kò sí ọmọ kankan tó béèrè lọ́wọ́ mi rí pé kí ni Bachelor Professional. Gbogbo wọn ló ń béèrè bí wọ́n ṣe máa san owó ilé.

Owó Meister náà ńkọ́? Ìjọba ń san ìdajì owó ẹ̀kọ́ àti ìdánwò báyìí, ó ń yáni ní ìyókù, bí èèyàn bá sì yege, wọ́n á tún dárí ìdajì ẹ̀yáwó yẹn jì í. Irú ìyẹn ló ń jẹ́ kí ọmọ rí ọ̀la nínú iṣẹ́ ọwọ́.

OníṣiròOwó

Ibi tí mo ń lọ gan-an nìyẹn. Ẹ ṣeun.

ÌyáÌbejì

Mo ti ka gbogbo rẹ̀ fún ọmọ mi. Ó ní kí n bá òun béèrè: iléeṣẹ́ kan fi ẹ̀kọ́ alápá méjì lọ̀ ọ́, Bachelor ni, òmíràn fún un ní ìkọ́ṣẹ́ mekatíróníìkì lásán. Èwo ni kó mú?

Aráa-Zurich

Ẹ bi í pé kí ló ń fà á mọ́ra, ìyá wa. Bó bá jẹ́ pé ẹ̀rọ ló fẹ́ fọwọ́ ara rẹ̀ tú, kó tò ó padà, ìkọ́ṣẹ́ máa fún un ní ìyẹn lójoojúmọ́. Ẹ̀kọ́ alápá méjì le. Kò sí ìsinmi akẹ́kọ̀ọ́ ńbẹ̀. Bó bá kúrò ní kíláàsì, ẹnu iṣẹ́ ló ń lọ, ìdánwò sì ń dúró dè é. Ọmọ tí ara rẹ̀ ò tíì fẹ́ ìwé lè rẹ̀wẹ̀sì níbẹ̀.

Amúnáwá

Kó ka ìwé àdéhùn méjèèjì dáadáa. Nínú ti ẹ̀kọ́ alápá méjì, kó wò ó bóyá wọ́n de òun mọ́ iléeṣẹ́ náà fún ọdún mélòó kan lẹ́yìn Bachelor, àti bóyá òun máa san owó padà bí òun bá kúrò. Nínú ti ìkọ́ṣẹ́, òfin fún un ní oṣù kan sí mẹ́rin láti dán an wò. Láàárín ìgbà yẹn, bí kò bá tẹ́ ẹ lọ́rùn, ó lè kọ̀wé kúrò lọ́jọ́ tó bá wù ú láìsọ ìdí kankan. Oṣù Kẹjọ tàbí oṣù Kẹsàn-án ni ọ̀pọ̀ iléeṣẹ́ ń bẹ̀rẹ̀, nítorí náà kó béèrè lọ́wọ́ wọn báyìí bóyá wọ́n lè jẹ́ kó wá fi ọ̀sẹ̀ kan wo bí iṣẹ́ náà ṣe rí kó tó fọwọ́ síwèé. Èmi kì í gba ọmọ tí kò bá ṣe bẹ́ẹ̀.

ÌyáÌbejì

Ó ti ń kọ ímeèlì sí wọn bí mo ṣe ń kọ èyí.

ỌmọÌwádìí

Ẹ bá mi kí i. Ẹ̀yin àgbà, ìbéèrè kan ló kù: níbo ni mo ti lè rí iye àwọn ọmọ ìkọ́ṣẹ́ ní Jámánì ní ìpínsísọ̀rí iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan àti irú ìwé ẹ̀rí tí wọ́n mú wá?

Olùkọ́Fẹ̀yìntì

Ìròyìn ọdọọdún BIBB ni kó o ṣí, iléeṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ tó ń rí sí ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ní Bonn. Ṣùgbọ́n ìṣirò méjì ló wà níbẹ̀, má pò wọ́n pọ̀. Èyí tí wọ́n kà ní ọjọ́ 30 oṣù Kẹsàn-án ni ti ìwé àdéhùn tuntun tó o mú wá níbẹ̀rẹ̀. Èyí tí wọ́n kà ní ọjọ́ 31 oṣù Kejìlá ló ní ìwé ẹ̀rí ilé ẹ̀kọ́ ọmọ kọ̀ọ̀kan nínú. Èyí kejì ni kó o lò, kó o sì bẹ̀rẹ̀ láti ọdún tó ṣáájú 2011.